Òróró Ẹja ní Ẹ̀pẹ́

Ìgò mọ́kànlá ni mo kà lójú fèrèsé bàbá mi
ní Òkè-Balógun, níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti ń wọlé láì kan ilẹ̀kùn.
Mọ́kànlá. Mo tún un kà.
Ó tò wọ́n bí ọmọ ilé-kéú,
àwọn gíga lẹ́yìn, àwọn kúkurú níwájú:
èyí fún eegun, èyí fún ojú,
èyí fún ohun tí kò fẹ́ kí n gbọ́.

Òróró ẹja ló pa mí lẹ́rìn-ín.
Òróró ẹja! Ní Ẹ̀pẹ́!
Bàbá tó fi ogójì ọdún tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe fún àwọn apẹja,
tí wọ́n ń fi àrọ̀ àti ẹpìà san owó iṣẹ́ rẹ̀,
òun ló wá ń gbé ẹja mì nínú kápúsù,
ẹja odò tí a kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ta ló rà á fún un?
Ẹ má bi mí.
Èmi ni. Lọ́dún tí mi ò ráyè wá kí i,
mo fi rán Ráfátù, mo ní ó dára fún ọkàn.
Ọmọ tí kò ráyè a máa fi ìgò ṣe ẹsẹ̀.

Ti aáyù, ọwọ́ ọkùnrin kan ló ti rà á ní èbúté,
tó ń fi gbohùngbohùn kéde pé kò sí ohun tí kò lè wò,
látorí ẹ̀yìn dídùn títí dé gbèsè.
"Ewé àti egbò lásán ni," ni bàbá wí.
"Ohun tó hù látinú ilẹ̀ kì í pa ni."
Mo ní, "Bàbá, ilẹ̀ náà ni ẹ̀gẹ́ ti hù.
Ta ló jẹ́ dín gààrí láì fún omi rẹ̀ dànù?"
Ó rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀jẹ̀ wà ní ìdí eyín rẹ̀.

"Búrọ́ọ̀ṣì ni," ó ní. "Ó le jù."

Mo kó gbogbo ìgò sínú ọ̀rá dúdú,
mo gbé e lọ bá Kúbúrátù apòògùn.
Kò bá mi jà. Ó wo ara ìgò kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń ṣa kòkòrò nínú ẹ̀wà.
Èyí kò ní nọ́mbà ìjọba kankan.
Èyí ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ láti èṣí.
Méjì yìí, orúkọ ló yàtọ̀, inú wọn ò yàtọ̀.
Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè:
"Kí ni dókítà fún un?"

Mo rántí hóró kékeré tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì,
tí wọ́n kọ fún un nígbà tí ọkàn rẹ̀ ń sáré
bí ẹ́ńjìnnì tí kò rí ọ́ìlì.
Ó gbé ìgò òróró ẹja síwájú mi, ó gbé ti aáyù tì í.
"Pẹ̀lú hóró yẹn, ó di mẹ́ta," ó ní,
"ibì kan náà ni wọ́n sì dojú kọ.
Bí ènìyàn mẹ́ta bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ ńkọ́?"
Mi ò dáhùn. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí.

"Kó má dá oògùn dókítà dúró fúnra rẹ̀ o.
Ẹ lọ ọsibítù lónìí, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.
Ọ̀rá yìí, ẹ gbé e dání."

Dókítà ní òun ti bi í rí, bó bá ń lo nǹkan mìíràn.
Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bi mí,
oògùn lẹ béèrè, ẹ ò béèrè ìgò.

Ìgò kan ló kù báyìí, dókítà mọ̀ nípa rẹ̀.
Àwọn yòókù, ó fọ̀ wọ́n, ó kó nọ́ọ̀tì àti bóòtì sí wọn,
ó tò wọ́n padà sójú fèrèsé, gíga lẹ́yìn, kúkurú níwájú.
Ní Jímọ́ọ̀, ẹsẹ̀ ara mi ni mo gbé wá.
Mo ra ẹpìà méjì ní ọjà Olúwo.
Ó ń yọ eegun ti èmi fún mi, bí ẹni pé mo ṣì wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin,
mo sì jẹ́ kó máa yọ ọ́.